Owó Ìjọba Ní Ìlú Ọba: Èyí Tó Tọ́ Sí Àlejò Àti Èyí Tí Kò Tọ́ Sí I

(Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé ẹgbẹ́ bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àti àwọn olùdáwó sọ níbi ìpàdé wa)

  

Ìgbìmọ̀ sàká ní kí n sọ̀rọ̀ lónìí lórí owó tí ìjọba òkè òkun ń fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ìlú wọn. Ẹlòmíràn lè béèrè pé kí ló kan ẹgbẹ́ ọmọ òrukàn nínú èyí. Ó kàn wá. Àwọn ènìyàn wa ń kọ̀wé sí wa láti Lọ́ńdọ̀nù, láti Manchester, láti Leeds, pé ọwọ́ àwọn kò tó ẹnu mọ́. Nígbà tí a bá ka ìwé bẹ́ẹ̀ nínú ìgbìmọ̀, a máa ń rí ẹni tí yóò sọ pé, "Ẹni tó wà ní Ìlú Ọba tí ìjọba ń bọ́, kí ló tún fẹ́ gbà nínú owó ọmọ òrukàn?" Àwọn ọmọ mìíràn sì wà lórí ìwé wa níhìn-ín, tí bàbá wọn ti kú, tí ìyá wọn wà lọ́hùn-ún, tí àwọn kan fẹ́ kí a yọ orúkọ wọn kúrò nítorí ọ̀rọ̀ kan náà yìí. Kí a tó yọ orúkọ ọmọ kúrò, ó yẹ kí a mọ̀ bóyá lóòótọ́ ni ìjọba ń bọ́ ìyá rẹ̀.

Ìlú Ọba nìkan ni n ó gbé yẹ̀ wò, nítorí ibẹ̀ ni púpọ̀ jù nínú àwọn tiwa wà. Amẹ́ríkà àti Kánádà ní òfin tiwọn, n ó kàn fẹnu bà wọ́n díẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀rọ̀ mẹ́ta kan tó máa ń wà lára físà: No public funds. Tẹ́lẹ̀, ó máa ń wà lára káàdì tí wọ́n ń fún wọn. Láti òpin ọdún 2024 tí káàdì náà ti kásẹ̀ nílẹ̀, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ẹni kọ̀ọ̀kan ti ń ka àdéhùn físà rẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹni náà kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan owó ìrànwọ́ ìjọba. Òfin ọdún 1999 lórí ọ̀rọ̀ ìwọ̀lú àti ibi ìsádi, ní apá rẹ̀ tó jẹ́ 115, ni ó fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀. Ó de ẹni tó lọ kàwé, ó de ẹni tó lọ ṣiṣẹ́, ó de ìyàwó, ọkọ àti ọmọ tí wọ́n kó lọ́wọ́ lọ. Kódà ẹni tó fẹ́ ọmọ ìlú náà, tó sì bá a lọ, ó dè é ní àwọn ọdún àkọ́kọ́. Owó orí ń kúrò nínú owó oṣù wọn bí ti ọmọ onílẹ̀, wọn a tún san ti National Insurance lé e, síbẹ̀ nígbà tí ebi bá dé, ilẹ̀kùn tó ṣí fún aládùúgbò wọn kò ní ṣí fún wọn.

Èyí ni ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kí ìgbìmọ̀ mú dání: ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Nàìjíríà pẹ̀lú físà iṣẹ́ tàbí ti ẹ̀kọ́, ìjọba kò bọ́ ọ.

Ohun kejì wà tí àwọn ọmọ wa tó wà lọ́hùn-ún gan-an kò mọ̀, tó sì ń pa wọ́n lára. "Owó ìjọba" tí òfin náà dárúkọ, kì í ṣe gbogbo ohun tó bá ti ọwọ́ ìjọba wá. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n kọ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan nínú ìwé òfin ìwọ̀lú wọn. Ohun tó wà nínú àkọsílẹ̀ náà ni èèwọ̀. Ohun tí kò sí níbẹ̀, òfin yẹn kò kà á léèwọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó nídìí kéwú yóò rántí pé bákan náà ni àwọn aáfà wa ṣe kọ́ wa nípa àwọn nǹkan ayé yìí, pé a kì í ka nǹkan sí haraamu títí tí a ó fi rí ẹ̀rí tó kà á léèwọ̀. Ẹni tí kò mọ èyí, ọ̀kan nínú nǹkan méjì ni yóò ṣe. Yálà kó nawọ́ sí ohun tí kò tọ́ sí i, kí físà rẹ̀ sì bà jẹ́, tàbí kó máa sá fún ohun tó tọ́ sí i, kí ọmọ rẹ̀ sì máa lọ sùn láìjẹun.

Ta ló ń da ọ̀rọ̀ yìí rú mọ́ wọn lójú? Àwa náà ni, àwa mọ̀lẹ́bí. Ẹ̀gbọ́n bàbá kan yóò wà ní Peckham láti ọdún 1985, yóò sọ fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé pé, "Lọ gba owó ọmọ rẹ, gbogbo wa la gbà á." Òótọ́ ni pé wọ́n gbà á, nítorí owó ọmọ kò so mọ́ ìwé ìwọ̀lú títí di oṣù Kẹwàá ọdún 1996 tí òfin tuntun dé. Ẹ̀gbọ́n náà kò parọ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ tirẹ̀ ti lọ. Ẹlòmíràn wà ní Kánádà. Ẹni tó bá gba ìwé ìgbélùú títí ayé níbẹ̀ lè béèrè owó ọmọ láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ lo ọdún kankan, ẹni tó sì lọ fún ìgbà díẹ̀ yóò dúró títí tí yóò fi lo oṣù 18. Òun náà yóò pe àbúrò rẹ̀ ní Birmingham pé kí ló dé tí kò gba tirẹ̀. Ní Amẹ́ríkà ẹ̀wẹ̀, òfin ọdún 1996 ní kí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tó ní green card lo ọdún 5 kí wọ́n tó lè jẹ nínú owó oúnjẹ ìjọba. Ìlú mẹ́ta, òfin mẹ́ta, ṣùgbọ́n orí WhatsApp mọ̀lẹ́bí kan ṣoṣo ni gbogbo ìmọ̀ràn náà ti ń pàdé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó jẹ́ èèwọ̀. Universal Credit ni olórí wọn, òun ni owó tí wọ́n ń fún ẹni tí owó rẹ̀ kéré tàbí tí kò níṣẹ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Child Benefit, ìyẹn owó ọmọ. Owó ìrànwọ́ fún ilé gbígbé wà níbẹ̀, ilé ìjọba ìbílẹ̀ náà wà níbẹ̀, àti ìrànlọ́wọ́ tí ìjọba ìbílẹ̀ ń ṣe fún ẹni tí kò nílé. Pension Credit fún àwọn arúgbó, owó àwọn abirùn bíi Personal Independence Payment, Carer's Allowance fún ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn, àti ìdínkù owó ilé tí wọ́n ń pè ní Council Tax Reduction. Gbogbo ìwọ̀nyí, kí ẹni tí No public funds wà lára físà rẹ̀ má ṣe béèrè wọn fún ara rẹ̀.

Child Benefit ni ó ń mú àwọn ènìyàn wa jù. Kò dà bí ẹni ń ṣagbe, owó ọmọ ni wọ́n pè é, iye rẹ̀ kò sì pọ̀: ní ọdún ìṣúná 2025 sí 2026, £26.05 lọ́sẹ̀ fún àkọ́bí, £17.25 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn tó tẹ̀lé e. Ìyá ọmọ á ní, "Ibí yìí ni wọ́n bí ọmọ mi, ọmọ ìlú ni." Rárá o. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1983, bíbí tí wọ́n bí ọmọ sí ilẹ̀ náà nìkan kò sọ ọ́ di ọmọ ìlú. Ọ̀kan nínú àwọn òbí rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ ìlú tàbí kó ní ìwé ìgbélùú títí ayé. Bí ọmọ náà bá tilẹ̀ jẹ́ ọmọ ìlú, ìwé ẹni tó ń béèrè owó náà ni wọn yóò wò. Bí ọkọ tàbí aya bá jẹ́ ọmọ ìlú tàbí tó ní ìwé ìgbélùú, òun ni kó béèrè ní orúkọ ara rẹ̀, kó sì kọ́kọ́ lọ gba ìmọ̀ràn, nítorí bí owó mìíràn bá lé sí i nítorí ẹnì kejì tí kò ní ẹ̀tọ́, ìyẹn náà lè di ẹ̀sùn.

Kí ni ìyà rẹ̀? Wọ́n lè gba owó náà padà. Wọ́n lè kọ̀ láti fi kún físà, wọ́n lè gé e kúrú, wọ́n sì lè gbé ẹni náà lọ sí kóòtù. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, ìjọba tún gbé àbá jáde pé kí ẹni tó bá ti gba owó ìrànwọ́ máa dúró pẹ́ sí i kó tó gba ìwé ìgbélùú títí ayé: ọdún 5 lé e fún ẹni tó gbà á tí kò tó ọdún kan, ọdún 10 lé e fún ẹni tó gbà á ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àbá ni mo pè é, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbọ́n yóò mọ ibi tí ojú wọn ń wò. Ní ti ẹ̀sìn wa, ẹni tó fọwọ́ sí àdéhùn kó tó wọ ìlú onílùú, tó wá ń dọ́gbọ́n gba ohun tó ṣèlérí pé òun kò ní gbà, n kò mọ aáfà tí yóò sọ fún un pé owó náà mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wá sí apá kejì, ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin òbí gbọ́, kí ẹ lè pe àwọn ọmọ yín lórí fóònù lálẹ́ òní.

Ilé ìwòsàn ìjọba, NHS, kò sí nínú àkọsílẹ̀ náà. Mo gbọ́ ti aboyún tó ń sá fún ilé ìwòsàn nítorí wọ́n sọ fún un pé wọn yóò fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ pé ó ń jẹ owó ìjọba. Owó rẹ̀ ni ó lọ gbà á, kò jẹ owó ẹnikẹ́ni! Ẹni tó gba físà ti kọ́kọ́ san owó ìlera kó tó wọkọ̀ òfuurufú. Láti oṣù Kejì ọdún 2024, £1,035 ni fún àgbàlagbà kọ̀ọ̀kan lọ́dún, £776 fún akẹ́kọ̀ọ́ àti fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18. Ọkọ, ìyàwó àti ọmọ méjì tí wọ́n bá lọ fún iṣẹ́ ọdún 3 yóò ti san £10,866 sílẹ̀. Àwọn tó lọ pẹ̀lú físà iṣẹ́ ìlera àti ìtọ́jú arúgbó kì í san án, ìjọba ló yọ̀ǹda rẹ̀ fún wọn, wọ́n sì ní ẹ̀tọ́ sí ìtọ́jú bákan náà. Aboyún àti ìyá tí ọmọ rẹ̀ kò tíì pé ọdún kan kì í san owó oògùn tí dókítà bá kọ fún un, bó bá ti gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀ lọ́wọ́ agbẹ̀bí. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 kì í san án pẹ̀lú. Ní Scotland àti Wales, ẹnikẹ́ni kì í san owó oògùn náà.

Ilé ìwé ìjọba kò sí nínú àkọsílẹ̀ náà. Oúnjẹ ọ̀sán níbẹ̀ náà kò sí níbẹ̀. Ní England, gbogbo ọmọ tó wà ní kíláàsì mẹ́ta àkọ́kọ́ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba ló ń jẹun ọ̀fẹ́ láti ọdún 2014, láìbèèrè ìwé òbí wọn. Ní Lọ́ńdọ̀nù, olórí ìlú náà fẹ̀ ẹ́ dé gbogbo kíláàsì alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023. Fún àwọn ọmọ tó dàgbà jù bẹ́ẹ̀, ìjọba fi lélẹ̀ pé ọmọ àwọn tí owó ìrànwọ́ jẹ́ èèwọ̀ fún lè jẹ oúnjẹ ọ̀fẹ́ náà bí owó tó ń wọlé fún òbí wọn kò bá ju ìwọ̀n kan lọ. Òbí ni yóò béèrè o, ilé ìwé kì í wá wọn kiri. Kí ó sọ fún wọn pé òun fẹ́ oúnjẹ halaali fún ọmọ òun pẹ̀lú.

Owó ìbímọ ńkọ́? Obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ kò gbọdọ̀ gba Universal Credit, ṣùgbọ́n owó ìsinmi ìbímọ tí agbanisíṣẹ́ ń san jẹ́ ẹ̀tọ́ rẹ̀, kò sí nínú àkọsílẹ̀ èèwọ̀. Bó bá ti wà lẹ́nu iṣẹ́ kan náà fún ọ̀sẹ̀ 26 kó tó di ọ̀sẹ̀ kẹẹ̀ẹ́dógún ṣáájú èyí tó yẹ kó bímọ, tí owó rẹ̀ sì tó ìwọ̀n tí òfin sọ, ọ̀sẹ̀ 39 ni wọn yóò fi san owó fún un. Ọ̀sẹ̀ 6 àkọ́kọ́, ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún owó iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ẹni tó ń gba £480 lọ́sẹ̀ yóò gba £432. Ọ̀sẹ̀ 33 tó kù, ní ọdún ìṣúná 2025 sí 2026, £187.18 lọ́sẹ̀ ni, tàbí ìdá 90 yẹn bí òun bá kéré sí i. Obìnrin tó ti yí iṣẹ́ padà, tí ọ̀sẹ̀ rẹ̀ kò pé níbi kan, kó má tíì sọ̀rètí nù: Maternity Allowance wà fún ẹni tó ti ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ 26 nínú ọ̀sẹ̀ 66 ṣáájú ọjọ́ ìbímọ, tó sì gba ó kéré tán £30 lọ́sẹ̀ nínú ọ̀sẹ̀ 13 nínú wọn. Iṣẹ́ ọ̀wọ́ ara ẹni náà wọ̀ ọ́. Ìyàtọ̀ rẹ̀ sí owó èèwọ̀ ni pé National Insurance tí wọ́n ń yọ nínú owó rẹ̀ lóṣooṣù ni ó bí i. Ohun tí ènìyàn bá gbà nítorí ohun tó ti san, wọn kò kà á mọ́ ohun tí ènìyàn gbà nítorí àìní.

Láti ibẹ̀ náà ni owó àìsàn tí agbanisíṣẹ́ ń san ti wá, àti èyí tí wọ́n ń pè ní New Style Jobseeker's Allowance. Ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tó ti san National Insurance tó ní nǹkan bí ọdún 2 tàbí 3 tó kọjá, lè béèrè rẹ̀ fún oṣù 6. Kó kàn ṣọ́ra kó má fi ọwọ́ kan náà tẹ Universal Credit, nítorí orí kọ̀ǹpútà kan náà ni ojú ìwé méjèèjì wà. Owó ìfẹ̀yìntì ìjọba pàápàá, ẹni tó bá san National Insurance fún ọdún 10 ti ní ìpín nínú rẹ̀, ọdún 35 ni yóò mú kó kún. Wọn yóò san án fún un bó bá tilẹ̀ ti padà sí Ìbàdàn. Ohun kan ni wọn kì í sábà sọ fún wọn: iye tó bá fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á ní Nàìjíríà ni yóò dúró lé lórí, wọn kì í fi kún un lọ́dọọdún bí wọ́n ṣe ń fi kún ti àwọn tó wà nílé lọ́hùn-ún.

Ọ̀rọ̀ owó ilé tí wọ́n ń san fún ìjọba ìbílẹ̀ ni orúkọ ti ń ṣi àwọn ènìyàn lọ́nà. Council Tax Reduction, mo ti sọ ọ́, èèwọ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí àgbàlagbà kan ṣoṣo bá wà nínú ilé, ìdá mẹ́rin owó náà ni wọ́n yóò yọ ọ̀kan kúrò fún un, èyí kì í sì í ṣe èèwọ̀. Opó tó ń dá gbé pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ kéékèèké, tirẹ̀ nìyẹn. Ilé tó jẹ́ pé kìkì akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kàwé ní gbogbo ọjọ́ ló ń gbé inú rẹ̀ kì í san án rárá. Ìyàwó tàbí ọkọ akẹ́kọ̀ọ́, tí kì í ṣe ọmọ ìlú náà, tí físà rẹ̀ kò sì jẹ́ kó gba owó ìrànwọ́, wọn kì í kà á mọ́ ẹni tí yóò san án. Mélòó nínú àwọn ọmọ wa tó ń kàwé lọ́hùn-ún ló ti san owó yìí lásán nítorí ìyàwó rẹ̀ wà lọ́dọ̀ rẹ̀!

N ó yára sọ ti àwọn tó wà nínú ìpọ́njú gidi. Ìyàwó tó bá ọkọ rẹ̀ lọ lórí físà ọkọ, tí ọkọ ń lù ú, tó ń halẹ̀ mọ́ ọn pé bó bá jáde nílé wọn yóò lé e padà sí Nàìjíríà: ìrọ́ ni ọkọ ń pa. Òfin kan wà tí wọ́n ń pè ní Migrant Victims of Domestic Abuse Concession, tó fún irú obìnrin bẹ́ẹ̀ ní oṣù 3 tí yóò lè fi gba owó ìjọba kó sì ríbi gbé, nígbà tó ń wá ọ̀nà rẹ̀. Ó ti dé ọ̀dọ̀ àwọn tó bá òṣìṣẹ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ lọ pẹ̀lú. Kí ẹ̀yin ìyá jọ̀wọ́ má sọ fún ọmọ yín pé kó máa ní sùúrù títí wọn yóò fi pa á. Ìdílé tó ní ọmọ, tí kò nílé, tí kò sì lóúnjẹ, kí wọ́n lọ bá ìjọba ìbílẹ̀ lábẹ́ apá 17 òfin àwọn ọmọdé ti ọdún 1989. Nítorí ọmọ náà ni ìrànlọ́wọ́ yìí ṣe wà, kò sí lára èèwọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn yóò tú inú ìwé báǹkì yín kí wọ́n tó fún yín ní kọ́bọ̀. Àwọn tí físà wọn dúró lórí ìdílé, bíi ẹni tó fẹ́ ọmọ ìlú, lè kọ̀wé sí Home Office pé kí wọ́n yọ gbólóhùn No public funds kúrò nítorí òṣì tàbí nítorí àlàáfíà ọmọ. Ọ̀fẹ́ ni ìwé náà. Kí ẹni tó ní físà iṣẹ́ tàbí ti ẹ̀kọ́ má gbìyànjú rẹ̀ láìrí amòfin, nítorí orí pé ó lè gbọ́ bùkátà ara rẹ̀ ni físà tirẹ̀ dúró lé.

Ẹni tí ó sá àsálà, tí ìjọba sì gbà pé lóòótọ́ ni ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú ewu, òun ní ẹ̀tọ́ sí Universal Credit àti ìyókù bí ọmọ onílẹ̀. Nígbà tó ń retí ìdáhùn, £49.18 lọ́sẹ̀ ni ẹni tó ń dáná fúnra rẹ̀ ń gbà ní ọdún 2025, wọn kì í sì í sábà jẹ́ kó ṣiṣẹ́. Mo sọ èyí nítorí àwọn ọ̀dọ́ tí àwọn kan ń gbà níyànjú pé kí wọ́n sọ físà ẹ̀kọ́ nù, kí wọ́n lọ pa ìtàn pé wọ́n fẹ́ pa àwọn nílé. Ẹ ṣírò £49.18 náà kí ẹ tó jẹ́ kí ọmọ yín dán an wò, kí ẹ sì ṣírò irọ́ tó wà nídìí rẹ̀.

Ó wá kan ìgbìmọ̀ wa. Púpọ̀ nínú àwọn opó tó lọ láàárín ọdún 2022 sí 2023 ló lọ fún iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó. Láti ọjọ́ 11 oṣù Kẹta ọdún 2024, ẹni tó bá gba físà iṣẹ́ yẹn kò lè kó ọmọ lọ mọ́, láti ọjọ́ 22 oṣù Keje ọdún 2025 ni wọ́n sì ti dáwọ́ gbígba òṣìṣẹ́ tuntun fún iṣẹ́ náà láti òkè òkun dúró. Èyí wà lára ohun tó fà á tí àwọn ọmọ kan fi wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà ní ilé, tí ìyá wọn wà ní Ìlú Ọba. Bí agbanisíṣẹ́ ìyá náà bá pàdánù ìwé àṣẹ rẹ̀, nǹkan bí ọjọ́ 60 ni wọ́n sábà ń fún un láti wá ẹlòmíràn. Ní ọjọ́ 60 yẹn, ó lè má sí owó iṣẹ́, Universal Credit kò sì sí. Gbèsè tó jẹ nílé láti fi rìnrìn-àjò wà níbẹ̀. Ṣé ọmọ ẹni yìí ni a fẹ́ yọ kúrò nínú ìwé nítorí pé "ìjọba ń bọ́ ìyá rẹ̀"?

Nínú òfin ẹ̀sìn, ọmọ tí bàbá rẹ̀ kú kó tó bàlágà ni ọmọ òrukàn, wíwà láàyè ìyá rẹ̀ kò yọ orúkọ yẹn kúrò lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n jíjẹ́ ọmọ òrukàn nìkan kọ́ ló ń mú kí ọmọ jẹ nínú sàká. Ipò mẹ́jọ ni Àlùkùránì to sàká sí nínú Suuratu t-Tawbah, ẹsẹ̀ 60, ọmọ òrukàn kò dá dúró láàárín wọn. Àìní ni a ń wò. Nítorí náà, ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń fi owó tó tó ránṣẹ́ sí i lóṣooṣù, kí á fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹlòmíràn, bí ìyá náà bá wà ní Lọ́ńdọ̀nù o, bó bá sì wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ o. Ọmọ tí kò rí nǹkan gbà fún oṣù mẹ́rin, kó máa jẹ nínú rẹ̀, níbikíbi tí ìyá rẹ̀ lè wà.

Ní ti àwọn tó kọ̀wé sí wa láti ọ̀hún fún ara wọn, èrò tèmi yàtọ̀, mo sì ti sọ ọ́ fún alága. N kò gbà pé kí á fi náírà ra pọ́n-ùn ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù. Iye tí yóò san owó yàrá ẹnì kan níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, ó lè bọ́ ọmọ wa níhìn-ín fún ìgbà pípẹ́. Àwọn Musulumi ọ̀hún náà ń yọ sàká, wọ́n sì ní National Zakat Foundation tó ń pín in fún àwọn Musulumi aláìní tó wà ní ìlú yẹn láti ọdún 2011. Ibẹ̀ ni kí á tọ́ka wọn sí, kí a sì fi ọ̀rọ̀ tí mo sọ lónìí ránṣẹ́ sí wọn pẹ̀lú. Ẹni tó ń kọ̀wé tọrọ £200 lọ́wọ́ wa lè ní owó ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ tó tọ́ sí i lọ́dọ̀ agbanisíṣẹ́ rẹ̀ tí kò mọ̀.

Fún ìmọ̀ràn, kí wọ́n lọ sí Citizens Advice, ọ̀fẹ́ ni. Lórí ọ̀rọ̀ físà, amòfin tàbí ẹni tí Immigration Advice Authority fún ní àṣẹ nìkan ni kí wọ́n bá sọ̀rọ̀. Ẹni tó ń jókòó sí iwájú ilé ìtajà, tó ń gba £50 láti bá ènìyàn kọ ìwé owó ọmọ, òun kọ́ ni wọn yóò kọ lẹ́tà ìkìlọ̀ sí nígbà tí ọ̀rọ̀ bá yíwọ́.

Ìwé ìbéèrè tuntun fún àwọn ọmọ tí òbí wọn wà ní òkè òkun ti wà lọ́wọ́ mi. Irú físà wo ni ìyá ní? Ṣé iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí? Ìgbà wo ni ó fi owó ránṣẹ́ gbẹ̀yìn? Àwọn alágbàtọ́ yóò kọ ìdáhùn sí i kí ìpàdé tó ń bọ̀ tó pé, kò sì sí orúkọ ọmọ kankan tí a ó yọ kó tó di ìgbà náà.